Tírélà Tí Mo Fi Ẹnu Gbé Ṣubú

Nígbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kárí Ìkọ̀lé, rédíò kan wà tó máa ń fun fèrè kó tó kéde pé ọ̀nà ti dí níbì kan. Bí fèrè yẹn bá ti dún, gbogbo gáréèjì á dákẹ́. Àwa dírẹ́bà la máa ń pè wọ́n láti sọ ohun tá a rí lọ́nà. "Akọ̀ròyìn wa lójú pópó" ni wọ́n ń pè mí, èmi tó jẹ́ pé lẹ́tà kíkọ ló lé mi kúrò ní fọ́ọ̀mù tú.

Lọ́jọ́ ọjà kan, èmi ni mo ṣe ìkẹfà lórí ìlà àwọn tó ń lọ Ìdó. Oòrùn ń mú. Mo yà sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù kan, mo pe rédíò, mo ní tírélà ti ṣubú dábùú ọ̀nà láàárín Ọ̀yẹ́ sí Ìfàkì. Kò pẹ́ ni fèrè dún. Àwọn márùn-ún tó wà níwájú mi ní àwọn ò lọ mọ́. Mo ní èmi á lọ.

Alága gáréèjì wò mí. "Ìwọ nìkan ló mọ ọ̀nà?"

"Ẹ jẹ́ n gbìyànjú ẹ̀, bàbá. Uṣẹ́ ni."

Mo kó èrò kún, mo ń súfèé lọ.

Èrò ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ tán ní Ìdó nígbà tí àbúrò ìyàwó mi pè. Ìyàwó mi wà lọ́dọ̀ ìyá ẹ̀ ní Ìpáò, oyún àkọ́kọ́. Ó ti ń rọbí láti àárọ̀, wọ́n ti ń gbé e bọ̀ ní ọsibítù Ìdó.

"Ẹ ti dé ibo?"

"A ti kọjá Ọ̀yẹ́, bọ̀dá. Rédíò ní tírélà dí ọ̀nà, la bá yà gba Ìsàn, ká lè já sí Ọ̀tùn."

"Ẹ padà. Kò sí tírélà kankan."

"Rédíò mà tún ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ ni."

Ibẹ̀ ni fóònù já. Mo pè é títí, kò wọlé mọ́. Mo pe rédíò, mo ní ọ̀nà ti ṣí. Wọ́n fun fèrè, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Mo dúró lẹ́nu géètì ọsibítù. Mo mọ kòtò ọ̀nà Ìsàn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì ń kà wọ́n lórí, mo ń fi ìyàwó mi bọ inú wọn. Nọ́ọ̀sì kan bi mí pé kí ló ń ṣe mí. Mo ní ìyàwó mi ń rọbí. Ó ní ibo ló wà? Mo nawọ́ sí ọ̀nà Ọ̀tùn.

Ó lé ní wákàtí méjì kí mọ́tò náà tó dé. Dírẹ́bà ní òun ti pa rédíò láti Ọ̀yẹ́, torí fèrè yẹn ń já aláboyún láyà. Wọ́n gbé e wọlé kíákíá. Èmi àti ìyá ẹ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí nọ́ọ̀sì fi jáde. Obìnrin ló bí. Àwọn méjèèjì wà láàyè, àmọ́ ó ní tó bá tún pẹ́ díẹ̀ sí i, ìyẹn kọ́ ni òun ì bá wá sọ.

Ìyá ìyàwó mi gbé ọwọ́ sókè. "Ọlọ́run á bùkún ẹni tó pe rédíò yẹn. À bá ti há sẹ́yìn tírélà."

Mo ní àmín.

"Ṣe àmín kó jáde, ọkọ ọmọ mi."

Mo tún un ṣe.