Èdè Tí Wọ́n Kọ́ Wa ní Palmgrove

Lọ́dún tí mo parí dìgírì kejì nínú ìmọ̀ èdè, yàrá kan ní Fola Agoro ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi jọ ń gbé. Ìtàn ni òun kà. Ó fẹ́ ṣèwádìí nípa àwọn ará Ọ̀yọ́ tí wọ́n lọ sí hájì láyé àtijọ́ tí wọn ò padà wálé mọ́, kò sì lè ṣe é láìgbọ́ èdè Lárúbáwá. Èmi náà fẹ́ kọ́ èdè yẹn, kí n lè tọpa àwọn ọ̀rọ̀ tó ti ibẹ̀ wọnú Yorùbá.

Mo ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé kan ní Bàrígà. Òun ń ṣàtúnṣe ìwé fún ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, a ó máa wá sikọ́láṣíìpù. A kọ̀wé sí Jámánì, a kọ̀wé sí Tọ́kì, a kọ̀wé sí Mòrókò. Èsì kan náà ló ń wá: wọ́n kí wa, wọ́n dúpẹ́, wọ́n ní ká tún gbìyànjú lọ́dún tó ń bọ̀.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀rẹ́ mi ti ibi iṣẹ́ dé tẹ̀rín-tẹ̀rín. Oníbàárà kan tó wá tẹ ìwé ìléwọ́ ló fún un ní ọ̀kan: sikọ́láṣíìpù fún àwọn obìnrin tó ń ṣèwádìí, nílẹ̀ Lárúbáwá. Wọn yóò kọ́ wa lédè níbí fúngbà díẹ̀, a ó lọ parí ìyókù lọ́hùn-ún. Wọn ò gba kọ́bọ̀.

"Tí wọ́n bá jẹ́ oníjìbìtì," ó ní, "ṣebí owó ni wọn ì bá kọ́kọ́ béèrè?"

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́gbọ́n wá. Mo tẹ̀lé e.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Palmgrove ni kíláàsì náà wà, lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta gíláàsì. Obìnrin àgbàlagbà kan tó sọ pé òun pẹ́ nílẹ̀ Lárúbáwá ló ń kọ́ wa. Kò fi lẹ́tà kankan hàn wá. Gbólóhùn Lárúbáwá ló ń pè, àwa ń pè é tẹ̀lé e. Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Mo ti parí. Ọmọ ti sùn. Kò rẹ̀ mí.

Ọ̀rẹ́ mi gbádùn rẹ̀. Tó bá ń dáná, á máa wí gbólóhùn wọ̀nyẹn bí ẹni ń kọrin. Èmi ni ara ń fu. Mo mọ̀ pé lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń kọ́ àlejò ni bí yóò ṣe béèrè: kí ni, níbo, nígbà wo. A ti pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀, wọn ò tíì kọ́ wa ní ìbéèrè kan ṣoṣo.

Mo nawọ́. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, báwo la ṣe ń sọ pé, níbo ni ilé ìkàwé wà?"

Ó wò mí títí. "Ẹ ò ní nílò ìyẹn," ó ní. Ó yíjú sí àwọn yòókù. "Ẹ tún un wí: Kò rẹ̀ mí."

Gbogbo yàrá tún un wí. Ohùn ọ̀rẹ́ mi ló ròkè jù.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọkùnrin kan wá gba páásípọ́ọ̀tù. Nọ́ọ̀sì kan bá a wá, ó ń wo ọwọ́ wa, ó ń béèrè bóyá ẹ̀yìn máa ń dùn wá. Ọkùnrin náà bi ọ̀rẹ́ mi pé, ta ló máa ń pè é lójoojúmọ́?

"Ọ̀rẹ́ mi yìí nìkan ni, sà. Màmá mi wà ní Ọ̀yọ́."

Ó mi orí, bí ẹni tí ìdáhùn náà tẹ́ lọ́rùn. Páásípọ́ọ̀tù tèmi ò tíì jáde. Wọ́n ní kí n dúró de àwọn tó máa lọ tẹ̀ lé wọn.

Bá a ṣe ń padà lọ sílé, mo sọ fún un pé, "Wọn ò dárúkọ yunifásítì kankan fún wa rí. Kí ló kàn wọ́n nínú ẹ̀yìn ẹni tó fẹ́ lọ ṣèwádìí?"

Ó dúró. "Ó ti pẹ́ tá a ti ń kọ̀wé. Ọ̀nà wá là báyìí, o ní kí n padà. Àbí torí pé tìẹ ò tíì jáde ni?"

Mo pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù. Wọ́n ti ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ọmọ mi, bá wa yọ̀," wọ́n ní. "Má sọ ohun tó máa já mi láyà."

Ó lọ. Ó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ pé òun ti gúnlẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn, mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Mo lọ sí Palmgrove. Òkè náà ti ṣófo. Ẹni tó ń ta gíláàsì nísàlẹ̀ kò tiẹ̀ gbójú sókè. "Wọ́n ti kó lọ. Ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ ń wá wọn."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo wà ní kíláàsì ní Bàrígà nígbà tí nọ́ńbà àjèjì kan pè mí. Òun ni. Ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

"Inú balùwẹ̀ ni mo wà. Kò sí iléèwé kankan. Ọmọ ọ̀dọ̀ ni wọ́n fi mí ṣe. Ìyá ilé ti kó páásípọ́ọ̀tù mi pamọ́."

"Ìlú wo lo wà?"

"Mi ò mọ̀. Òru ni wọ́n fi mọ́tò gbé mi dé ibí. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń béèrè."

Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń gbá ilẹ̀kùn. Fóònù já.

Ìyá rẹ̀ ti Ọ̀yọ́ wá. Èmi pẹ̀lú wọn la jọ ń lọ láti ọ́fíìsì ìjọba kan sí òmíràn, a ń fi nọ́ńbà yẹn hàn wọ́n. Oṣù gorí oṣù. Ọmọ Nàìjíríà kan tó ń wakọ̀ lọ́hùn-ún ló fi nọ́ńbà náà bá wa wá ilé náà rí níkẹyìn, àwọn aláṣẹ sì gbà á jáde.

Ó dé yàrá wa, ó ti rù. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jí, mi ò bá a lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ti fọ gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀, títí dé ẹnu ọ̀nà àwọn ayálégbé tuntun tí kò mọ̀ rí. Ó dúró ti ògiri, ó ká ọwọ́ méjèèjì síwájú.

Mo gbé àga fún un. Ó wo àga náà, ó wo ojú mi.

"Ṣé kí n jókòó?"

Ó ń dúró kí n dá òun lóhùn.