Òkúta Ẹnu Ọ̀nà Winnie Ogden

Bí Winnie Ogden bá sọ fún yín pé òun ti gbà, ẹ kọ́kọ́ wo ọwọ́ rẹ̀ kí ẹ tó gbà á gbọ́. Láti ìgbà tí mo ti kó dé òpópónà Tanner ni ilé àwa méjèèjì ti kọjú síra, kò sì sí ọjọ́ Jímọ̀ tí n kì í rí i lórí ìkúnlẹ̀ níwájú ilẹ̀kùn rẹ̀, òun àti garawa omi gbígbóná, tí yóò máa fọ òkúta ẹnu ọ̀nà. Bó bá fọ̀ ọ́ tán, yóò mú òkúta rírọ̀ kan báyìí, yóò fi pa etí rẹ̀ yíká, tó bá sì gbẹ, ìlà funfun á hàn níbẹ̀ bí ẹfun. Ìyá rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀, ìyá ìyá rẹ̀ náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ìlú tiwa yìí, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, obìnrin tí òkúta ẹnu ọ̀nà rẹ̀ bá dọ̀tí, ì báà máa sùn sí ṣọ́ọ̀ṣì, ohun tí wọ́n ń sọ lẹ́yìn rẹ̀ kò ṣeé gbọ́ sétí.

Inú ilé yìí ni wọ́n bí Winnie sí. Ilé yìí náà ni káńsù fẹ́ wó. Wọ́n kéde pé àwọn ń wá ilé iṣẹ́ olówó tí yóò bá àwọn dòwò pọ̀ láti tún àdúgbò wa ṣe. Ẹ bá mi sinmi! Bí káńsù bá ní òun fẹ́ tún ibì kan ṣe, ẹ wo ẹ̀yìn wọn bóyá katakata kọ́ ló ń tẹ̀ lé wọn.

Zubaida Mirza ni káńsù rán sí wa, ọmọ òpópónà kejì ni, a mọ̀ ọ́n láti kékeré.

"Màmá Ogden," ó ní, "ilé tuntun ni wọ́n máa fún yín, lókè kẹfà, tòun ti ẹ̀rọ agbéniròkè."

"Ta ló máa bá mi gbé òkúta mi lọ sókè kẹfà?"

Zubaida rẹ́rìn-ín. Ó rò pé àwàdà ni.

Gordon Tattersall, awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, ni alága ẹgbẹ́ àdúgbò. Kíláàsì kan náà lòun àti Winnie jọ wà nílé ìwé. Ó kó wa jọ sẹ́yìn ilé ọtí.

"Jímọ̀ ni àwọn olówó náà ń bọ̀ wá wo àdúgbò," ó ní. "Ẹ jẹ́ ká sọ ibí di ààtàn! Kẹ́nikẹ́ni má gbálẹ̀, kẹ́nikẹ́ni má fọ nǹkan kan, kẹ́nikẹ́ni má sì bu tíì fún wọn. Tí wọ́n bá rí i bó ṣe rí, wọ́n á sá, owó wọn á sì sá tẹ̀ lé wọn."

Mo béèrè pé ẹni tó fẹ́ wá wólé, ṣé ìdọ̀tí ló máa lé e lọ? Gordon ní kí n jókòó.

"Jímọ̀ kẹ̀?" Winnie ló bi í bẹ́ẹ̀.

"Ọjọ́ kan péré, Winnie. Ilé tìẹ náà là ń gbà là."

Winnie kó ọwọ́ sẹ́yìn. "Ó dáa," ó ní, "mo gbà." Gbogbo wa pàtẹ́wọ́.

Nígbà tí Jímọ̀ mọ́, Gordon wọ́ fóòmù àtijọ́ kan síta, ó tẹ́ ẹ síwájú ilé rẹ̀. Àwọn kan da ìdọ̀tí sílẹ̀. Winnie ṣílẹ̀kùn, ó wo òkúta rẹ̀, ó wo òpópónà, ó padà wọlé. Mo ní Ọlọ́run ṣeun. Kò pẹ́ ló tún jáde, tòun ti garawa.

"Winnie!" Gordon pariwo. "O ṣáà gbà!"

"Mo gbà mọ̀nà." Orí ìkúnlẹ̀ ló ti ń dáhùn. "Etí ẹ̀ nìkan ni mo fẹ́ fọ̀."

Ẹ ò mọ àwọn obìnrin òpópónà wa. Bí òkúta ẹnìkan bá mọ́ tí ti aládùúgbò rẹ̀ kò mọ́, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun. Èyí tó múlé ti Winnie gbé búrọ́ọ̀ṣì jáde, èyí tó múlé tì í náà gbé tirẹ̀, àfi bí gbogbo òpópónà ṣe ń fi omi ọṣẹ ṣeré. Brenda, ìyàwó Gordon, kò bá ọkọ rẹ̀ jà. Ó fọ òkúta tirẹ̀ mọ́ tónítóní, ó wá wo fóòmù tó wà níta. Àbàwọ́n wà lára rẹ̀, kò sì lè jẹ́ kí àlejò rí i. Ó lọ mú aṣọ ìbùsùn funfun tó ti lọ̀, ó tẹ́ ẹ sórí rẹ̀, ó fi ìrọ̀rí sí i.

Bí Zubaida ṣe kó àwọn olówó dé bá wa nìyẹn. Ọ̀gbẹ́ni Lomax ni ọ̀gá wọn, ọkùnrin gíga tí òtútù ti sọ imú rẹ̀ di pupa. Òjò bẹ̀rẹ̀. Winnie rí èèyàn nínú òjò, òfin Gordon sì fò kúrò lórí rẹ̀.

"Ẹ wọlé, ẹ wọlé! Ẹ má tẹ òkúta o, kò tíì gbẹ!"

Ọ̀gbẹ́ni Lomax gbé ẹsẹ̀ gígùn sókè, ó dá òkúta kọjá. Zubaida ká ṣòkòtò, ó tẹ̀ lé e, àwọn yòókù náà ń fò ó lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá mu tíì, ó jẹ bisikíìtì, ó ń fọwọ́ lu ògiri.

"Omidan Mirza, ẹ ní àwọn ilé yìí ti jẹrà."

"Ọpọlọ ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ ló jẹrà!" ni Winnie wí. Tíì há Zubaida lọ́fun.

Nígbà tí wọ́n jáde, Ọ̀gbẹ́ni Lomax nawọ́ sí fóòmù. "Ta ni wọ́n tẹ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn fún?"

"Ẹni tó bá rẹ̀," ni Brenda dáhùn. Gordon ti sá wọlé.

Ilé iṣẹ́ Lomax ni káńsù mú níkẹyìn. Wọ́n ní ilé wa lágbára, wọn ò ní wó o, wọ́n á kàn tún òrùlé, fèrèsé àti ẹnu ọ̀nà ṣe. Gordon sọ nílé ọtí pé ọgbọ́n òun ló ṣiṣẹ́. Ìyẹn náà lẹ́nu.

Àmọ́ nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ dé ilé Winnie, wọ́n ní gbogbo ẹnu ọ̀nà ló gbọ́dọ̀ tẹ́jú, kí kẹ̀kẹ́ arọ lè wọlé. Òkúta máa kúrò.

"Èmi kì í ṣe arọ!" Winnie dúró sórí òkúta náà, kò sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n lọ pe Zubaida.

"Màmá, ilé yín ṣáà ṣì wà fún yín."

"Mo mọ̀. Mo sì dúpẹ́. Àmọ́ Zubaida, orí èyí ni màmá mi máa ń kúnlẹ̀ sí."

Zubaida di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó mú un sọ̀ kalẹ̀. Ó dùn mí wọra. Àwọn òṣìṣẹ́ gbé òkúta náà lọ sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n tẹ́ ẹ sábẹ́ fèrèsé ilé ìdáná, níbi tí kò ti sí ilẹ̀kùn kankan. Jímọ̀ dé, Winnie kúnlẹ̀ tì í.

Gordon yọjú lórí ògiri. "Winnie, ta ló máa rí i níbẹ̀ yẹn?"

"Ìwọ lo ń wò ó yẹn."

Nígbà òtútù tó kọjá, yìnyín yọ Winnie ṣubú, egungun ìbàdí rẹ̀ sì kán. Orí kẹ̀kẹ́ ló wà nígbà tó ti ọsibítù dé, Gordon ló ń tì í. Kẹ̀kẹ́ gba ẹnu ọ̀nà wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, kò kọsẹ̀ rárá. Gbogbo wa ń wo ibòmíì, ta ló fẹ́ sọ̀rọ̀? Gordon tì í dé ilé ìdáná, Winnie sì wo ìta láti ojú fèrèsé.

"Gordon."

"Winnie?"

"Ọjọ́ wo la wà yìí?"

Gordon wò wá. Kò sẹ́ni tó gbà á sílẹ̀ nínú wa.

"Jímọ̀ ni."

"Garawa wà lábẹ́ síǹkì."

Ẹni tó ní kẹ́nikẹ́ni má fọ nǹkan kan ló kúnlẹ̀ sínú òtútù yẹn, tó ń fọ òkúta, tí èémí rẹ̀ ń ṣe bí èéfín. Winnie ń fi òrùka kan gíláàsì fèrèsé kọ́kọ́kọ́.

"Etí ẹ̀, Gordon! O ò tíì fọ etí ẹ̀!"