Bútà Tó Wà Lórí Òpó Géètì

Ewúrẹ́ kan ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Lọ́jọ́ náà, mò ń lọ sí ọjà Ogbete láti ra òwú àti síìpù, nítorí iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe. Sún kẹrẹ fà kẹrẹ dí ojú títì, ẹni tó wa kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí mo wọ̀ sì yà gba àdúgbò kan tí n kò gbà rí. Lórí òpó géètì ilé kan níbẹ̀ ni mo ti rí i: ewúrẹ́ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì mọ. Ó jókòó bí ìyàwó olówó, ó fi ẹsẹ̀ kan lé èkejì, ó wọ bàtà gogoro, ó sì há báàgì sí abíyá. Ojú tó fi ń wo àwọn tó ń kọjá fi hàn pé kò sí ẹni tó tó bá a sọ̀rọ̀ nínú gbogbo wa.

Mo rẹ́rìn-ín títí ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ fi bojú wẹ̀yìn. Mo sọ nínú mi pé bí mo bá ti délé báyìí, Ìyá gbọ́dọ̀ gbọ́. A ò tíì jáde ní àdúgbò náà tí mo fi rántí pé Ìyá ti kú.

Ìyá mi kì í gbọ́ ìròyìn kí wọ́n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí mo bá ní mo rí mọ́tò kan tó kó sí kòtò, wọ́n á ní, "Kí ló wá sọ?" Mọ́tò o! Bí mo bá ní ọsàn tí mo rà lónìí tóbi ju orí ọmọ lọ, wọ́n á ní, "Kí ló wá sọ?" Èmi náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tí ọsàn sọ. Bí àwa méjèèjì ṣe ń gbé nìyẹn nínú ilé tí bàbá mi kọ́ sí Idaw River Layout, bàbá mi tí iṣẹ́ rélùwéè gbé kúrò ní Ọ̀fà wá sí ilẹ̀ Ìgbò níbí. Bàbá ti kú tipẹ́, àwọn àbúrò mi sì ti kó lọ sí Ìlọrin àti Ìbàdàn.

N kò sọ pé àwọn ará àdúgbò mi kò dára. Wọ́n dára. Mò ń bá wọn sọ Ìgbò, mò ń bá àwọn oníbàárà mi sọ Píjìn. Ṣùgbọ́n Yorùbá ti di èdè ènìyàn méjì nínú ọgbà wa. Nígbà tí Ìyá kú, ó di ti ẹnì kan, bẹ́ẹ̀ ẹnì kan kò lè máa dá sọ̀rọ̀ títí kí wọ́n má pè é ní wèrè.

Àdúrà ló burú jù. Nílé wa, ẹnì kan á ṣe àdúrà, ẹnì kejì á ṣe àmín. Láti ìgbà tí ẹbí ti ṣe fìdáù ọjọ́ kẹjọ tán tí kálukú gba ilé rẹ̀ lọ, bí mo bá kírun tán tí mo sì tọrọ àforíjìn fún Ìyá, èmi ni mò ń ṣe àdúrà, èmi náà ni mò ń ṣe àmín. Ó máa ń dùn mí gan-an. Ohùn ara mi á kàn máa padà wá bá mi láti ara ògiri.

Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn ẹbí ewúrẹ́ yẹn, àwọn ère sìmẹ́ǹtì bíi tirẹ̀, káàkiri ìlú, bóyá kí n lè rí nǹkan ṣe. Mo rí ẹja àrọ̀ tó wọ bàtà òjò. Mo rí adìẹ tó fi gíláàsì sójú tó sì ń ka ìwé ìròyìn. Lórí òpó kan ni ìgbín wà, wọ́n ṣe ilẹ̀kùn àti fèrèsé sí ìkarawun rẹ̀, wọ́n sì fi àgádágodo ti ilẹ̀kùn náà pa. Èyí kò pa mí lẹ́rìn-ín. Mo dúró níwájú rẹ̀, omijé sì bọ́ lójú mi.

Mo ya fọ́tò gbogbo wọn, mo fi wọ́n ránṣẹ́ sí gúrúùpù ẹbí wa lórí fóònù. Àbúrò mi ọkùnrin ní, "Àǹtí, ẹ palẹ̀ mọ́ kẹ́ ẹ máa bọ̀ ní Ìlọrin, jàre." Àbúrò mi obìnrin fi àwòrán àtàǹpàkò ránṣẹ́. Kò sẹ́ni tó béèrè ohun tí ewúrẹ́ sọ.

Àwọn tó ni adìẹ ló júwe ẹni tó mọ ọ́n fún mi: ọkùnrin kan tó ń mọ búlọ́ọ̀kù lọ́nà Ninth Mile. Mo bá a níbi tó ti ń fọ ṣọ́bìrì. Sìmẹ́ǹtì wà nínú irùngbọ̀n rẹ̀.

"Every day block, block, block," ó sọ fún mi. "Block no get face. My eye don tire."

Mo sọ̀rọ̀ Ìyá fún un. Kíá ló ní kí n mú fọ́tò wọn wá. "I go put Mama for your gate. Everybody go dey greet am."

Mo ní rárá. Ilé Mùsùlùmí ni tiwa, bí ẹnikẹ́ni bá gbé ère Ìyá sójúde, Ìyá fúnra wọn á dìde nínú sàréè wá wó o. Ó wá ní kí ni kí òun mọ nígbà náà. Mo ronú, ohun tó sì wá sí mi lọ́kàn ni bútà wọn, ike aláwọ̀ ewé onímú tí wọ́n fi ń ṣe àlùwàlá. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ilé ìdáná ló wà, n kò bomi sí i mọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti lọ. Mo fi ọ̀rá gbé e lọ fún un.

"Na teapot?"

"No be teapot o!"

Ó mọ ọ́n ga dé ìbàdí mi. Ó fẹ́ fi ojú sí i, mo kọ̀, inú rẹ̀ kò sì dùn sí i. Ó kùn ún ní àwọ̀ ewé, ó gbé e sórí òpó géètì wa. Nígbà tí obìnrin tó ń gbé lódìkejì dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní, "Madam, you wan open restaurant?" Mo bá a rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa mọ̀ ọ́n ni mò ń wá, ẹnì kan ṣoṣo péré, kí n má bàa máa dá wò ó.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nígbà tí ìrun alásárì tó, wọ́n kan géètì.

"Salamu alaikum. Abeg, madam, na mosque be dis?"

Ọkùnrin kan ni, ó gbé báàgì kọ́ èjìká, kẹ̀kẹ́ tó gbé e wá dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ohùn Ìlọrin hàn gbangba nínú Píjìn rẹ̀. Mo ṣí géètì sílẹ̀ gbayawu.

"Ẹ wọlé, sà. Kì í ṣe mọ́ṣáláṣí, ṣùgbọ́n omi wà."

"Háà! Yorùbá ni yín!" Ó bú sẹ́rìn-ín. "Mo rí bútà yẹn lókèèrè, mo ní ẹni tó gbé irú èyí sójúde, mọ́ṣáláṣí rẹ̀ á tóbi o."

Ó wá wo ọmọ rẹ̀ tó wà nílé ìwé níbí ni, mọ́tò tó máa gbé e padà sì ń dúró dè é ní Ninth Mile. Mo gbé bútà Ìyá, mo fọ eruku ara rẹ̀, mo bu omi kún un. Ó ṣe àlùwàlá lórí àtẹ̀gùn, ó kírun ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nígbà tó parí, mo fi àwòrán ewúrẹ́ hàn án. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ aráyé," ó sì dá fóònù padà fún mi. Kò béèrè nǹkan kan. Inú mi bàjẹ́ díẹ̀, mi ò purọ́.

Ẹni tó wa kẹ̀kẹ́ fun fèrè. Ọkùnrin náà gbé bútà lé mi lọ́wọ́.

"Ta ló ni ín?"

"Ìyá mi ni. Wọ́n ti ṣaláìsí."

Ó gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu géètì, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì. "Kí Ọlọ́hun forí jì wọ́n. Kí Ó tan ìmọ́lẹ̀ sí sàréè wọn. Kí Ó fi Àlùjánnà ṣe ilé wọn."

Lẹ́yìn náà ó dákẹ́, ó ń wò mí. Wọ́n tún fun fèrè, kò mira. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yé mi pé èmi ló ń dúró dè, pé ìdajì tèmi nìkan ló kù.

"Àmín," ni mo wí.