Alois Hollerer Rí Ara Rẹ̀ Lórí Pèpéle

Bàtà onígi ni Alois Hollerer ń gbẹ́ ní Gosau, abúlé kan láàárín òkè. Láti ìgbà tí iná ti jó ilé rẹ̀, tí àwọn aládùúgbò sì pẹ́ kí wọ́n tó gbé omi dé, kò fẹ́ràn ẹ̀dá kankan mọ́. Ó kó lọ sí ẹ̀bá igbó pẹ̀lú Notburga ìyàwó rẹ̀, tó máa ń pè ní Burgi. Bí o bá kí i, itọ́ ni yóò tu.

Lọ́dún kan, àwọn ará abúlé fẹ́ ṣe eré ìwin orí òkè tó wo ọkùnrin kan tó kórìíra ènìyàn sàn. Korbinian onígbàjámọ̀ ni yóò ṣe ọkùnrin náà. Alois gbọ́ pé ìrìn òun àti ikọ́ òun ni Korbinian ń sín jẹ. Nígbà tí ọjọ́ eré pé, ó gbé ọ̀pá rẹ̀, ó forí lé ilé ọtí tí wọ́n ti ń ṣeré. Ìyàwó rẹ̀ ti yọ́ lọ síbẹ̀ ṣáájú.

Korbinian ń tiro lórí pèpéle. “Ta ló ní kí oòrùn ràn sórí ilé mi láìgbàṣẹ?” Ẹ̀rín bú yẹ̀ẹ̀. Díẹ̀ ló kù kí Alois náà rẹ́rìn-ín. Ni Korbinian bá kọjú sí obìnrin tó ń ṣe ìyàwó rẹ̀ nínú eré: “Ikú mi nìwọ náà ń retí!”

Ọ̀rọ̀ tí Alois sọ sí Notburga láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an nìyẹn. Ó wo àárín èrò: Notburga fi gèlè bojú, ó ń sunkún.

Alois gun pèpéle. Korbinian sá sẹ́yìn òkè tí wọ́n fi aṣọ ṣe.

“Bàbá Hollerer, ẹ jọ̀ọ́, eré ni o!”

“Sọ̀kalẹ̀ jàre. O ò mọ̀ ọ́n ṣe. Èmi burú jù báyìí lọ.” Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀. “Burgi, irọ́ ni mo pa mọ́ ọ. Dárí jì mí.”

“Àbí ẹ ò rí ọkùnrin yìí! Ṣé ó dìgbà tí gbogbo abúlé bá ń wò?” Ṣùgbọ́n Notburga ti ń bọ̀, ó sì dì mọ́ ọn.

Wastl alágbẹ̀dẹ dìde. “Hollerer, yìnyín ló dí wa lọ́nà lọ́jọ́ iná yẹn.”

“Kí ló dé tẹ́ ò sọ?”

“Ta ló jẹ́ ká sọ ọ́?”

Alois fúnra rẹ̀ ló ṣe ìyókù eré náà. Nígbà tí ìwin wo ọkùnrin náà sàn, àtẹ́wọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ ká òrùlé kúrò. Wọ́n gbé Alois sí èjìká jáde sínú yìnyín, ó ń pariwo pé kí wọ́n sọ òun kalẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín débi pé omi dà lójú rẹ̀.