Ibi Tí Tátà Máa Ń Dúró Sí

"Ọwọ́ yín dà?" Bí àbúrò bàbá mi obìnrin ṣe máa ń kí wa nìyẹn, tó bá ti iléèwé tó ti ń kọ́ni ní sáyẹ́ǹsì dé sílé wa ní àdúgbò Charbonnages. Tátà la ń pè é, bí àwọn ọmọ Libreville ṣe ń pe àǹtí wọn.

A ó tò ní àgbàlá, a ó di ara wa lọ́wọ́ mú, òun á dúró sí ìparí. Ẹni àkọ́kọ́ á tẹ ọwọ́ ẹnì kejì, ẹnì kejì á tẹ ti ẹni tó tẹ̀ lé e, títí á fi kan Tátà. "Ó dé o!" Á fò sókè bí ọmọdé.

"Ṣé ẹ rí i? Ẹnikẹ́ni ò kúrò lójú kan, síbẹ̀ iṣẹ́ tí ẹ rán dé ọ̀dọ̀ mi. Bí iṣan tó ń gbé iṣẹ́ láti ọpọlọ lọ sára ṣe ń ṣe nìyẹn. Iyọ̀ inú omi ara á rọ́ gba ẹnu ọ̀nà kan wọ inú iṣan, iná mànàmáná kékeré á tàn, ẹnu ọ̀nà tó kàn á sì ṣí."

Torí iyọ̀ yìí, tí ibà bá ń ṣe wá, kò ní jẹ́ ká mu ògì láìfi iyọ̀ sí i. Ẹni tó bá sì tẹ ọwọ́ kó tó kàn án, ó gbé. "Iṣan kì í parọ́! Ẹ tún un bẹ̀rẹ̀!"

Lọ́jọ́ tí a sin Tátà, a padà sí àgbàlá yẹn, a sì tò bí a ṣe máa ń tò. Àbúrò mi tẹ ọwọ́ òsì mi. Kí n tó mọ̀, ọwọ́ ọ̀tún mi ti nà síbi tí Tátà máa ń dúró sí.

Iṣẹ́ tí wọ́n rán sí i ṣì wà lọ́wọ́ mi.