Dọlápọ̀sí àti Ìlú Tó Fi Sáàárín

Oṣù kẹrin ọdún 1998 ni mo kọ́kọ́ rí Dọlápọ̀sí Ọlábímtán. Ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ Ìfọ́n-Ọ̀ṣun, tí mo jẹ́ akọ̀wé rẹ̀, fẹ́ kí ìlú wa ní ojú ìwé tirẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun ló béèrè fún un. Àwa tí a wà nílé kò tíì fojú kan irú rẹ̀ rí. Wọ́n ní kí n lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Òkè-Fìà, ní Òṣogbo, níbi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé tí wọ́n sì ń ṣe fótókọ́pì. Wọ́n ní ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Mo bá a níbi tó ti ń ká aṣọ kúrò lórí kọ̀ǹpútà. Ìró ìyá rẹ̀ tó ti gbó ló fi rán ìbòrí náà nítorí eruku. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó sì gba ìwé tí mo mú wá. Ìtàn ìlú wa ni mo kọ síbẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ó kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò fo ojú ewé kankan.

Ó ní, "Ó dùn, sà. Ṣùgbọ́n ta ni yóò wá a?"

"Gbogbo ayé ni."

"Gbogbo ayé ò tíì mọ̀ pé a wà, sà. Ẹ jẹ́ ká mú ẹnì kan péré. Ọmọ Ìfọ́n ni, ó wà ní Amẹ́ríkà, òtútù ń mú un, ilé ń sọ ọ́. Kí ni yóò tẹ̀ sínú ẹ̀rọ tó ń báni wá nǹkan?"

Mo ní bóyá orúkọ ìlú, bóyá orúkọ ilé-ìwé tó lọ, bóyá orúkọ ọjà. Ó mú bírò, ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó ní àwọn ọ̀rọ̀ yẹn ni yóò ṣíwájú, kí ìtàn ìwáṣẹ̀ tẹ̀ lé wọn. Báyìí ni a ṣe tún iṣẹ́ mi tò láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀ lé èkejì, inú mi sì dùn nítorí mo fẹ́ràn kí nǹkan wà létòlétò.

Kí n tó lọ, mo bi í pé ọmọ ibo ni.

"Ọmọ Ìlobùú ni mí, sà."

Kí wọ́n tó bí wa ni ìjà ilẹ̀ ti wà láàárín ìlú rẹ̀ àti ìlú mi. Ilé ìlú kan fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilé ìlú kejì, síbẹ̀ àwọn àgbàlagbà wà tí wọn kò ní yà kí ara wọn lójú ọ̀nà. Dọlápọ̀sí rí ojú mi, ó ní, "Kọ̀ǹpútà ò ní ilẹ̀ tí a ó jà sí, sà. Ẹ fọkàn balẹ̀."

Ó ti kàwé nípa kọ̀ǹpútà ní ilé-ìwé gíga ní Ìbàdàn. Bàbá rẹ̀ ti kú. Ìyá rẹ̀, Màámi Mobọ́lá, jẹ́ tíṣà ní Ìlobùú, òun náà ló sì ń kó àwọn ọmọdé jọ ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn lọ́jọ́ Ìsinmi. Ilé-iṣẹ́ kan ní Àbújá ti gba Dọlápọ̀sí síṣẹ́, wọ́n ní kó máa bọ̀ ní oṣù kìíní ọdún tó ń bọ̀. Kò sí ẹni tó wọ ṣọ́ọ̀bù náà tí kò gbọ́ ọ. Bí iná bá lọ, yóò ní, "Ẹ máa bá NEPA yín ṣeré. Ní Àbújá, iná kì í lọ báyìí." Ó ti ra àpótí tí yóò gbé lọ, abẹ́ tábìlì ṣọ́ọ̀bù ló gbé e sí.

Nígbà tí ojú ìwé wa parí, wọ́n fi díìsì rẹ̀ rán awakọ̀ sí Ìbàdàn, níbi tí ọ̀rẹ́ Dọlápọ̀sí kan ti ní ẹ̀rọ tẹlifóònù tó lè gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. A dúró. Àwọn ọmọ wa kọ̀wé láti òkè òkun pé àwọn wá a, àwọn ò rí i.

"Iṣẹ́ kù, sà," ni Dọlápọ̀sí wí. "Ẹ wò ó báyìí. Ẹ kọ́ ilé tó dára, ẹ kùn ún lọ́dà. Àlejò dé sí ìlú, ó ń bèèrè yín, kò sì sí aládùúgbò kan tó lè júwe ilé yín. Ṣé yóò débẹ̀? Ẹ̀rọ yẹn, àlejò ni. Ojú ìwé àwọn ẹlòmíràn ló ń gbà kọjá kó tó dé tiwa. A gbọ́dọ̀ wá àwọn tí yóò máa júwe wa."

Ó wá wọn. Ọmọ Òṣogbo kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù, Tóbilọ́ba Adéjọbí, tó kó ojú ìwé àwọn ìlú agbègbè Òṣogbo jọ, ó sì sọ wọ́n di agbo. Ìlú kọ̀ọ̀kan nínú agbo yóò kọ orúkọ ìlú tó ṣíwájú rẹ̀ àti ti ìlú tó tẹ̀ lé e sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé tirẹ̀. Ẹni tó bá tẹ orúkọ náà yóò bá ara rẹ̀ ní ìlú yẹn. Ẹdẹ wà níbẹ̀, Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun wà níbẹ̀, Ìrágbìjí náà wà níbẹ̀. Wọ́n gbà wá wọlé, wọ́n fi wá sí ẹ̀yìn Ẹ̀rìn. Oṣù yẹn kò parí tí lẹ́tà àwọn ọmọ wa fi ń wọlé láti òkè òkun: wọ́n ti rí ilé.

Ìròyìn náà dé Ìlobùú. Bàbá Oyèdìran, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, tó jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ tiwọn, wá bá Dọlápọ̀sí. "Ọmọ wa ni ọ́, o wá lọ ń ṣe é fún Ìfọ́n? Ṣe tiwa, kó dára jù tiwọn lọ." Ó ṣe é tayọ̀tayọ̀, ó sì fi wọ́n sínú agbo.

Ohun tí kò rò ni pé ABD ni Tóbilọ́ba fi to agbo náà, kò sì jẹ́ yí i padà nítorí ẹnikẹ́ni. Ìfọ́n ló kàn, lẹ́yìn rẹ̀ Ìlobùú. Ní ìsàlẹ̀ ojú ìwé tiwa, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé kí àlejò máa lọ sí Ìlobùú. Ní ìsàlẹ̀ tiwọn, wọ́n ní kó padà sí Ìfọ́n.

Ìpàdé wa gbóná lọ́sẹ̀ náà. Wọ́n ní ọmọ Ìlobùú ló mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ní Ìlobùú, Bàbá Oyèdìran dìde, ó ní, "Ṣé àwa ni yóò máa júwe ọ̀nà ilé wọn?" Mo ní kí ìlú kan jáde kúrò nínú agbo, kò sí èyí tó gbà, nítorí ẹni tó bá jáde, wọn ò ní rí i mọ́. Wọn ò fẹ́ jókòó ti ara wọn, wọn ò sì fẹ́ dìde.

Màámi Mobọ́lá ló jìyà rẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, Dọlápọ̀sí pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì, ó bá ìyá rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì òun nìkan. Bẹ́ǹṣì iwájú kún, ti ẹ̀yìn kún. Ìyá náà ń kọ orin bí ẹni pé kò ṣàkíyèsí.

Ìyá yìí kan náà ló fún un ní ọgbọ́n. Bí wọ́n ṣe ń bó ẹ̀gúsí, ó ní, "Nígbà tí ìdílé Ọ̀ṣúndáre ń ṣègbéyàwó, tí ìyá ọkọ àti àǹtí ọkọ ò bára wọn sọ̀rọ̀, báwo la ṣe tò wọ́n jókòó?"

"Ẹ fi Ìyá Mọ́ríátù sáàárín."

"Ṣé wọ́n jà?"

"Wọn ò jà. Ìyá Mọ́ríátù ni ò rí oúnjẹ jẹ dáadáa. Ọ̀tún ń fọ̀rọ̀ sí i létí, òsì ń fọ̀rọ̀ sí i létí."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Dọlápọ̀sí wá ìlú tí yóò bọ́ sáàárín Ìfọ́n àti Ìlobùú nínú ABD. Ìkìrun ni. Ìkìrun kò ní ojú ìwé kankan nínú agbo. Ó wọ mọ́tò lọ síbẹ̀, ó bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àwọn ará ọjà àti àwọn tíṣà, ó kọ ọ́, ó fi díìsì ránṣẹ́. Tóbilọ́ba gbà á wọlé. Ìfọ́n ń júwe Ìkìrun, Ìlobùú ń júwe Ìkìrun, kò sí ẹni tó tún rí ẹnì kejì. Ìlú méjèèjì yìn ín. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, àwọn ènìyàn há ara wọn mọ́ Màámi Mobọ́lá lórí bẹ́ǹṣì.

Ṣùgbọ́n òfin agbo ni pé ojú ìwé tí a kò bá fi ọ̀rọ̀ tuntun sí lóṣooṣù, wọn yóò yọ ọ́. Ẹgbẹ́ wa ń mú ọ̀rọ̀ tiwa wá, Ìlobùú ń mú tiwọn wá. Àwọn àgbà ìlú méjèèjì a sì máa jókòó ti kọ̀ǹpútà ka gbogbo rẹ̀ kó tó lọ, kí orúkọ ìlú kejì má baà yọ́ wọlé. Ìkìrun kò ní ẹgbẹ́. Dọlápọ̀sí nìkan ni ẹgbẹ́ Ìkìrun. Àwọn ọmọ Ìkìrun tó wà lókè òkun rí ojú ìwé náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sí i: ṣé òrùlé ilé bàbá mi ṣì wà? Ta ni olórí ilé-ìwé wa báyìí? Kò lè ṣàìdáhùn. Yóò wọ mọ́tò, yóò lọ wo òrùlé.

Ó wá ẹni tí yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rí ọmọbìnrin kan ní Ìkìrun, Rísíkátù, tó ń yára kọ́ nǹkan. Ó kọ́ ọ títí ó fi mọ̀ ọ́n. Rísíkátù lọ́kọ, ọkọ náà sì mú un lọ sí Kàdúná. Bó bá kọ́ ọmọ Ìfọ́n, Ìlobùú ò ní gbà. Bó bá kọ́ ọmọ Ìlobùú, tiwa ò ní gbà. Ilé-iṣẹ́ Àbújá ní àwọn ò fẹ́ kó mú iṣẹ́ ẹlòmíràn dání wá.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, ẹgbẹ́ wa rán mi pé kí n lọ bẹ̀ ẹ́ kó má lọ. Mo bá Bàbá Oyèdìran níbẹ̀, ó ń fi fìlà nu eruku ọyẹ́ lójú.

"Akọ̀wé Ìfọ́n! Kí lẹ bá wá?"

"Ohun tí ẹ bá wá náà ni, sà."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ọlọ́run mi! Ìfọ́n àti Ìlobùú fohùn ṣọ̀kan! Dọlápọ̀, o ti ṣe ohun tí kóòtù ò lè ṣe."

Mo jókòó lápá kan, Bàbá jókòó lápá kejì. Àga tó kù wà láàárín wa. Dọlápọ̀sí wò ó kó tó jókòó. Kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin bàbá mi, bí mo bá lọ, ta ni ẹ ó dá lẹ́bi?"

Òun fúnra rẹ̀ ló dáhùn.

"Màámi ni." Ó ń fi ọwọ́ tẹ́ ìbòrí kọ̀ǹpútà. "Màámi ní kí n lọ. Wọ́n ní ìbínú yín ò lè pa àwọn. Èmi ni mo rí wọn lórí bẹ́ǹṣì."

Bàbá Oyèdìran ní, "Ọmọ mi, kò sí ẹni tó máa..." Ó mọ ìlú rẹ̀, èmi náà mọ tèmi.

Àbújá dúró dè é di oṣù kẹta, wọ́n sì fi ẹlòmíràn sípò rẹ̀. Dọlápọ̀sí kó bébà sínú àpótí tó rà. Nígbà tí mo bi í léèrè bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, ó ní bí ènìyàn bá ń wá Ìfọ́n tàbí Ìlobùú báyìí, Ìkìrun ni ẹ̀rọ náà ń kọ́kọ́ gbé jáde, nítorí òun ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ tuntun jù, tí àwọn ènìyàn sì ń júwe jù. A ò tíì sọ fún ẹgbẹ́ ìlú kankan.

Oṣù kọkànlá ọdún 1999 ni mo kọ èyí. Dọlápọ̀sí ń gbé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ìlobùú, ó ṣì ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù Òkè-Fìà, ó sì máa ń lọ sí Ìkìrun ní gbogbo ọjọ́ Sátidé.