Ojú Oró Ìyá Ọkọ Mi

Ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìkòròdú máa ń rùn láàárọ̀ nígbà náà, òórùn ẹrẹ̀ pẹ̀lú ti oúnjẹ ẹja, atẹ́gùn ọ̀sà á sì máa fẹ́ ẹ gba ojú fèrèsé ilé ìdáná wọlé. Èmi fẹ́ràn òórùn náà. Àsìkò yẹn ni gbogbo òṣìṣẹ́ oṣù tó bá ti ní ilẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ilé ń sin ẹja àrọ̀, ọkọ mi náà ò sì fẹ́ gbẹ́yìn. Ó gbẹ́ kòtò, ó fi bíríkì mọ ọ́n, ó da ẹja wẹ́wẹ́ sí i. Òun a ti forí lé ibi iṣẹ́ ní Èkó kílẹ̀ tó mọ́, èmi a lọ sí iléèwé tí mo ti ń ṣe olùkọ́, ó wá ku ìyá rẹ̀ àti àwọn ẹja nílé.

Ìyá ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìkirè dé ni. Bàbá ti kú, a ò sì fẹ́ kó máa dá gbé. Èmi gan-an ni mo bẹ̀ ẹ́ títí tó fi gbà, torí mo fẹ́ràn rẹ̀ bí ìyá tó bí mi. Ṣùgbọ́n àdúgbò wa tètè sú u. Gbogbo géètì ló wà ní títì, kò mọ ẹnikẹ́ni. Bí mo bá dé lọ́sàn-án, màá bá a níwájú ilé, ó fọwọ́ lẹ́rán. Á ní, "Ìyàwó mi, bá mi wá ọkọ̀ Ìkirè o." Á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé àwàdà kọ́.

Ní Sátidé kan, a mú un lọ sí Ẹ̀pẹ́ láti lọ ra ẹja. Létí ọ̀sà níbẹ̀ ló ti rí ojú oró tó léfòó lórí omi, ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, gbòǹgbò rẹ̀ rọ̀ wálẹ̀ bí irùngbọ̀n. Ó bu díẹ̀ sínú ike. Bí a ṣe délé, ó kúnlẹ̀ létí kòtò ẹja, ó rọra gbé e sójú omi, ó ní, "Ojú oró ní í lékè omi. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ó máa lékè." A ṣe àmín. Láti ọjọ́ náà, ibẹ̀ ló ń lọ tó bá ti jí. Inú mi dùn, nítorí ó ti rí nǹkan tó ń mú un dìde lórí àga.

Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé ojú oró kì í sinmi. Ọ̀kan á bí méjì, méjì á tún bí tiwọn, kò pẹ́ tí a ò fi rí omi mọ́. Bí a bá da oúnjẹ, orí ewé ni yóò jókòó sí. Àwọn ẹja ń rù, wọ́n ń fi orí wá àlàfo tí wọ́n á ti mí.

Ọkọ mi ní, "Bá màmá sọ ọ́."

Mo ní, "Ìyá ta ni?"

Ta ni yóò fọwọ́ ara rẹ̀ fa ohun tí àgbà fi súre fún un tu? Bí a bá fà á tu, Ìkirè ni màmá ń lọ. Bí a bá fi í sílẹ̀, ẹja á kú, màmá á sì gbọ́ pé àdúrà òun ló pa wọ́n. Oorun ò kùn mí mọ́.

Ibi tí mo ti ń fọ abọ́ ni ọgbọ́n kan ti sọ sí mi. Ìyàwó ọ̀dọ́ kan wà nínú ilé kejì, ó lóyún, a kàn máa ń kí ara wa lórí ọgbà ni. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè bù lára ojú oró yìí fún aboyún ilé kejì? Àdúrà dára fún un."

Màmá wò mí tìyanu-tìyanu. "Ọmọdé ló ń gbé àdúrà ni? Èmi fúnra mi ni màá gbé e lọ."

Ó wé gèlè, ó bù ú kún abọ́, ó jáde. Ọbẹ̀ tutù kó tó dé. Ó ti mọ orúkọ ọmọbìnrin náà àti ìlú rẹ̀, ó tún mọ̀ pé ẹ̀yìn ń ro ó. Lọ́jọ́ kejì, ó bù fún ilé mìíràn. Ìyá kan tó ń sin pẹ́pẹ́yẹ ní kó máa kó o wá dáadáa, nítorí àwọn pẹ́pẹ́yẹ òun fẹ́ràn rẹ̀ ju àgbàdo lọ. Kí oṣù tó parí, omi ti hàn, ẹja ti ń jẹun, gbogbo àdúgbò sì ti ń pe ìyá ọkọ mi ní Màmá Ìkirè.

Lẹ́yìn náà, aboyún wa bímọ. A ń jẹun àárọ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè nígbà tí ọkọ rẹ̀ wá kanlẹ̀kùn pé kí Màmá Ìkirè jọ̀ọ́ wá bá wọn wẹ ọmọ, wọn ò mọ bí wọ́n á ṣe gbé e. Màmá fi oúnjẹ sílẹ̀, kò tilẹ̀ wo ẹ̀yìn. Èmi àti ọkọ mi wo ara wa, a bú sẹ́rìn-ín.

Màmá bá wa gbé títí di ọjọ́ ogbó, bẹ́ẹ̀ kí n má parọ́, àwa ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Oúnjẹ gbígbóná àti àga tó tura la rò pé a fi ń dá àgbà dúró. Gbogbo bí a ṣe ń sáré pé ká tọ́jú màmá yẹn, ẹni tí òun náà á tọ́jú ló ń wá.